Bẹ́ ẹ ṣe lè yẹ ọdún ìkọ̀wé yín wò kẹ́ ẹ tó ṣe ìlérí tuntun

Ẹ kú ọdún o, ẹ sì kú ọyẹ́ yìí, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìtàn àròsọ síbi tẹ́nì kankan ò tíì rí i. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, aṣọ obìnrin ni mò ń rán, mo sì ń kọ ìwé ìtàn mi àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, èyí tí mo kọ lọ́dún méjì àkọ́kọ́ mo ti gbé e sílẹ̀, Jánúárì èṣí ni mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn tó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Tọ́dún bá ti parí mo máa ń jókòó bi ara mi pé ṣé mo ṣe é àbí mi ò ṣe é, ẹkún ló sì máa ń já sí, torí pé ọkàn mi ni mò ń bi, ọkàn tó ti rẹ̀ ò sì ní nǹkan míì tó lè sọ ju pé "o ò ṣe tó" lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo ṣe é bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ mi. Tí kọ́sítọ́mà bá wọlé tó ní òun ò sanra púpọ̀, mi ò kí ń fi ẹnu ẹ̀ gé aṣọ, téèpù ni mo máa mú. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín nìyẹn, bẹ́ ẹ ṣe lè fi téèpù wọn ọdún yín, kí ìlérí tẹ́ ẹ máa ṣe fún ọdún tuntun lè bá yín lára mu.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe é

Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ 31 Dìsẹ́ńbà. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu èèyàn kó ṣe é kó tó lọ ìṣọ́ òru, ṣùgbọ́n ẹ wo bí Dìsẹ́ńbà ṣe ń rí níbí, àwọn ará Èkó àti Àbújá ti ń wọlé, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó mẹ́ta fún Sátidé kan ṣoṣo, òkú ṣíṣe, aṣọ Kérésì àwọn ọmọ, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi sùn kí aago méjì òru tó lù. Ẹni tó rẹ̀ ò lè dájọ́ tó dáa, pàápàá tó bá jẹ́ pé ara ẹ̀ ló ń dá lẹ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì Jánúárì lèmi mú, nígbà tí owó ti tán lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí ṣọ́ọ̀bù sì dákẹ́. Ẹ wá ìgbà tó dákẹ́ nínú iṣẹ́ tiyín, ó lè jẹ́ ìgbà tílé ìwé bá gba họlidé, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ìkórè. Ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí kan tàbí méjì lọ́jọ́ kan.

Nǹkan tẹ́ ẹ nílò ò pọ̀: ìwé kan tó mọ́, báírò, fóònù tó ti gba iná dáadáa, àti kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, irú èyí tí wọ́n máa ń pín níbi ìnáwó yẹn, torí pé àyè máa ń wà nínú ẹ̀ téèyàn lè kọ nǹkan sí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ, ẹ má tíì kà á

Ìtàn tẹ́ ẹ kọ ò sí lójú kan, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tèmi wà nínú ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù kan, ó wà nínú Google Docs, ó wà nínú WhatsApp tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ara mi, ó wà nínú ohùn tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà nígbà tí mò ń lọ ra òwú àti síìpù l'Ádó, mo tiẹ̀ rí ojú ìwé méjì lẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà, ìwọ̀n àyà àti ìbàdí lókè, ìjà ọkọ àti ìyàwó nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ wá gbogbo ẹ̀ rí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sórí bébà kan pé ibo lèyí wà, ọjọ́ wo lẹ kọ ọ́.

Tẹ́ ẹ ò bá kọ ọjọ́ sí i, fóònù máa ràn yín lọ́wọ́. Google Docs máa ń fi ọjọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ kan ìwé náà gbẹ̀yìn hàn, tẹ́ ẹ bá sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ File sí, ẹ wá Version history níbẹ̀, ẹ máa rí bí ìwé náà ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ti WhatsApp ò nira, ọjọ́ ti wà lórí ẹ̀. Ti inú ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ kọ ló máa ń ṣòro, àwọ̀ báírò ló gbà mí níbẹ̀ torí mo rántí ìgbà tí mo ra báírò pupa, láti ìsinsìnyí lọ ẹ máa kọ ọjọ́ sókè gbogbo ojú ìwé, ẹ bá mi ṣe é.

Ẹ má kà á o. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ, ilẹ̀ á ṣú, ẹ ò sì ní ṣe nǹkan tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ jókòó.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ìlérí yín sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu yín

Kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó ti rí nísinsìnyí. Tèmi wà níwájú ìwé búlúù yẹn, ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyí: kí n parí ìtàn náà, 80,000 ọ̀rọ̀, kí n máa kọ lójoojúmọ́, kí n ka ìwé ìtàn 12, kí n lọ sí Ìkógòsì, l'Ékìtì níbí, lọ fojú ara mi wo omi gbígbóná tó wà níbẹ̀ torí pé orí kan nínú ìtàn náà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí n fi ìtàn kékeré méjì ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń gbà á, kí n rí ẹni tó máa tẹ ìwé mi jáde.

Tẹ́ ẹ ò bá kọ tiyín síbì kankan, ẹ lọ wo ohun tẹ́ ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín lórí WhatsApp ní Jánúárì, ó máa ń wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé orí yín nìkan ló wà, ẹ kọ "mo rántí" síwájú ẹ̀, torí tó bá dẹ̀yìn ọdún, orí èèyàn máa ń yí ìlérí padà kó lè bá ohun téèyàn ṣe mu, tàbí kó fẹ̀ ẹ́ lójú kó lè dùn ún sí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Èwo ló wà lọ́wọ́ yín?

Ẹ fa ìlà sáàárín bébà. Lápá òsì ẹ kọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín, lápá ọ̀tún ẹ kọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìgbésẹ̀ yìí ló nu omijé nù lójú mi lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó.

Kí n fi ìtàn kékeré ránṣẹ́, ó wà lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n gbà á, kò sí lọ́wọ́ mi. Mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, ibi méjì dá mi lóhùn pé àwọn ò mú un, ibi kẹta ò tíì fèsì títí dòní, tẹ́ ẹ bá bi mí nígbà yẹn màá sọ fún yín pé mo kùnà. Ṣùgbọ́n méjì ni mo ṣèlérí, mẹ́ta ni mo sì fi ránṣẹ́, iṣẹ́ náà tiẹ̀ ju ìlérí lọ. Ẹ fi àmì sí irú ẹ̀ pé ẹ ṣe é, ẹ má jẹ́ kí "rárá" tó jáde lẹ́nu ẹlòmíì pa iṣẹ́ yín rẹ́.

Bọ́rọ̀ ẹ̀bùn náà ṣe rí nìyẹn. Ẹnì kan tí mo mọ̀ kọ ọ́ sínú ìlérí ẹ̀ pé òun máa gba Nigeria Prize for Literature kọ́dún tó parí. Ẹ̀bùn yẹn tóbi lóòótọ́, 100,000 dọ́là ni, ṣùgbọ́n ìwé tó ti jáde ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ó sì ń yí ká láàárín oríṣi mẹ́rin ni, ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé àwọn ọmọdé, ìtàn àròsọ ló kàn ní 2021, òun ló tún kàn ní 2025, tí wọn ò bá yí i padà ó di 2029. Kí lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn da ara ẹ̀ láàmú sí nígbà tí ìtàn ò tíì dé ìdajì? Ẹ fi í sínú àdúrà, ẹ má fi í sínú ìlérí. Mo gbé rírí ẹni tó máa tẹ̀wé mi náà lọ sápá ọ̀tún. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ tiyín, ọ̀dọ̀ National Library of Nigeria lẹ ti máa gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n àsìkò ẹ̀ ò tíì tó.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mú téèpù

Ẹ wá ka iye ọ̀rọ̀ báyìí. Tó bá wà nínú Google Docs lórí fóònù, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, ẹ máa rí Word count. Èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ kọ, ẹ mú ojú ìwé mẹ́ta tó kún dáadáa, ẹ ka ìlà tó wà nínú ẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wà lórí ìlà kan. Tèmi jẹ́ ìlà 24, ọ̀rọ̀ 9 lórí ìlà kan, ìyẹn 216 lójú ìwé kan. Mo ti kọ ojú ìwé 92, ó jẹ́ 19,872. Ti inú fóònù jẹ́ 21,128. Àpapọ̀ ẹ̀, 41,000.

Ẹ má pa ara yín lórí iye tó kéré o, torí èdè Yorùbá tá a fi ń kọ ọ́ yìí, tẹ́ ẹ bá kọ "ní ilé" ọ̀rọ̀ méjì ni fóònù máa kà, tẹ́ ẹ bá kọ "nílé" ó di ẹyọ kan. Ohun tá a ń wá ni bó ṣe ń lọ.

Lẹ́yìn náà ẹ pín in sórí kàlẹ́ńdà, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀. Tèmi rèé: Jánúárì 6,200, Fẹ́búárì 7,100, Máàṣì 4,800, Épírì 900, Méè òdo, Júùnù 1,300, Júláì 6,400, Ọ́gọ́ọ̀sì 3,500, Sẹ̀tẹ́ńbà 5,000, Ọ̀kítóbà 2,700, Nòfẹ́ńbà 3,100, Dìsẹ́ńbà òdo. Kẹ́ ẹ tún fi báírò yí ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ nǹkan po, ì báà jẹ́ ìlà mẹ́ta péré. Tèmi jẹ́ ọjọ́ 117. Mo ti ní máa kọ lójoojúmọ́, mi ò ṣe é, kò sí àwíjàre níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pín 41,000 sí ọjọ́ 117, ó ń lọ bíi 350 lọ́jọ́ kan, nǹkan tí mo sì ń wá láti ọdún mẹ́ta nìyẹn láìmọ̀, ìwọ̀n mi gan-an. Tí mo bá jókòó, 350 ló ń jáde. Kì í ṣe 1,000 tí mo máa ń lérí lé, kì í sì í ṣe òdo tí ọkàn mi ń pariwo.

Ẹ tún wo ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni báírò yí po jù. Nínú ọjọ́ 117 yẹn, 38 jẹ́ Sọ́ńdè, 33 jẹ́ Mọ́ńdè. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àárọ̀ kùtùkùtù ni mo rò pé mo ti ń kọ̀wé, àṣé ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn tí mo bá ti sùn díẹ̀, àti Mọ́ńdè tí kọ́sítọ́mà kì í pọ̀, ni ìtàn yìí ń gbé.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wo inú ihò

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé, kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo oṣù tó ṣófo tàbí tó kéré, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: kí ló ṣẹlẹ̀ nílé nígbà yẹn, àti pé ibo nínú ìtàn ni mo wà nígbà tó dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi èkejì. Wọ́n á ní ọ̀lẹ làwọn, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Épírì, Méè àti Júùnù mi, tẹ́ ẹ bá bi mí kí n tó jókòó yìí, màá sọ fún yín pé aṣọ Àjíǹde ni, pé iná ò dúró, pé ojú fóònù mi fọ́ ní Júùnù tó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó tún un ṣe. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ ní Júláì náà, iná ò sì dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ṣì kọ 6,400. Ìgbà tí mo wá wo ohun tí mo kọ ní Épírì, orí kìíní ni mo tún kọ, mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mọkànlá. Mo dúró síwájú orí kẹsàn-án, mi ò lè wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà fún yín díẹ̀ kó lè yé yín. Ọmọbìnrin kan ni, wọ́n bí i sí Kumasi, bàbá ẹ̀ lọ ṣòwò níbẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́. Ní Nòfẹ́ńbà 1969 ìjọba Gánà pàṣẹ pé gbogbo àjèjì tí ò níwèé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, àìmọye Yorùbá ló kó ẹrù délé lọ́dún yẹn. Ọmọ yìí àti ìyá ẹ̀ wálé, bàbá ò bá wọn wá. Orí kẹsàn-án ló yẹ kí bàbá yẹn dé. Èmi tí mò ń kọ ọ́ ò sì mọ ìdí tó fi dúró sẹ́yìn! Ṣé ìyàwó mìíràn ni, ṣé gbèsè ni, ṣé ojú ń tì í láti wálé lọ́wọ́ òfo, mi ò tíì pinnu, mo wá ń sá lọ sí orí kìíní lọ tún un ṣe torí ibẹ̀ ni mo mọ̀. Lọ́jọ́ kan ní Júláì mo wà nídìí máṣíìnì, mo ń tú aṣọ tí mo rán ṣì, mo wá rí i pé bàbá yìí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe tiẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ló ń bá èèyàn ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo kọ 900.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí i pé ilé ló dá iṣẹ́ dúró, àìsàn, ọmọ, ọ̀fọ̀, ẹ dárí ji ara yín pátápátá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá irú ẹ̀ tún ń bọ̀ lọ́dún yìí kẹ́ ẹ fàyè sílẹ̀ fún un. Tó bá jẹ́ ìtàn ló dúró, a jẹ́ pé ohun kan wà tẹ́ ẹ ò tíì pinnu nípa ẹnì kan nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ jókòó ti onítọ̀hún, ẹ kọ ìbéèrè náà sókè ìwé. Àfikún wákàtí ò lè yanjú ẹ̀.

Ti Nòfẹ́ńbà yàtọ̀. Ìdíje kan wà tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999, àjọ tó ń darí ẹ̀ ti kógbá wọlé ní 2025, pé kéèyàn kọ ọ̀rọ̀ 50,000 láàárín oṣù Nòfẹ́ńbà, ìyẹn 1,667 lójoojúmọ́, èmi náà dáwọ́ lé e fúnra mi. Nòfẹ́ńbà, oṣù táwọn èèyàn ń kó aṣọ Kérésì wá! Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo jáwọ́, ó sì bà mí lọ́kàn jẹ́ débi pé mi ò fọwọ́ kan ìtàn náà mọ́ títí ọdún fi parí. Ó ti ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹlòmíì ni, bí mo bá fi gé aṣọ tèmi á fún mi lápá ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá kà á nísinsìnyí

Tẹ́ ẹ bá lówó ẹ̀, ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, torí ojú máa ń rí àṣìṣe lórí bébà ju ojú fóònù lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ má mú báírò dání, ẹ kàn kà á bí ẹni tó ra ìwé. Lọ́jọ́ kejì ẹ wá mú báírò, àmì méjì péré lẹ máa lò, ẹ fa ìlà sábẹ́ ibi tó ń mí, ẹ fi àgbélébùú síbi tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀ ń parọ́. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe o, ìwọ̀n la ṣì ń mú.

Mo rí irọ́ mi. Nínú lẹ́tà kan tí bàbá yẹn kọ ní 1969 mo ní kó kọ "Ìpínlẹ̀ Èkìtì" sórí àdírẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 1 Ọ̀kítóbà 1996 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, lásìkò yẹn abẹ́ ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn la wà. Mo tún rí ti Ìkógòsì. Kí n tó lọ síbẹ̀ mo ti kọ ọ́ pé omi náà ń hó kùtùkùtù, èéfín ń rú túú, mo lọ ní Ọ́gọ́ọ̀sì, mo bọ́ bàtà, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò sì jìnnà sí i lomi tútù ti ń bọ̀ wá pàdé ẹ̀, èèyàn lè ki ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún kó ki ìkejì sí òsì. Gbogbo orí yẹn yí padà nítorí ẹsẹ̀ méjì yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní ìlérí pé ẹ máa lọ wo ibì kan fún ìtàn yín, tẹ́ ẹ ò tíì lọ, ẹ jẹ́ kó wà lára ti ọdún yìí.

Ibi tó sì ń mí jù, tí mo fa ìlà sí lẹ́ẹ̀mejì, ni ibi tí ìyá àgbà ti ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa gan-an, tó ń pe ilé ní "ulé". Ẹ̀rù ti bà mí pé àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ò ní gbọ́ ọ, mo sì ti ń yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Mo ti pinnu báyìí pé ó ń padà, gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ń kàwé á fojú inú gbọ́ ọ.

Kẹ́ ẹ tún ka ojú ìwé bíi mẹ́wàá sókè fún ẹnì kan tí kì í ṣe òǹkọ̀wé. Màámi ni mo kà á fún, wọ́n ń bẹ iṣu lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó yá wọ́n ní, "Ó dùn. Àmọ́ ọmọ yìí, látìgbà tó ti sọ̀ nínú mọ́tò, kò mà tíì jẹun."

Mo ní, "Màámi, ìtàn ni o."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Ìyá àgbà wo ló gbàlejò ọmọ ọmọ ẹ̀ l'Ékìtì níbí, láti ọ̀nà jíjìn, tí ò gbé iyán síwájú ẹ̀?"

Mo padà lọ kà á. Ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko nínú ìtàn yẹn, ọmọ yẹn sọkún, ó pọnmi, ó bá ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ jà, kò sì jẹ nǹkan kan. Ẹnì kan tó mọ bí ayé ṣe ń lọ nílé ló lè rí irú ẹ̀, àwa tá a ń wá ọ̀rọ̀ dídùn ò lè rí i.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ya èyí tó kù sọ́tọ̀

Èyí ò gba àkókò. Ìwé kíkà: méje ni mo kà nínú 12, mo kọ ìlà kan síwájú ìkọ̀ọ̀kan nípa ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀, tí mi ò bá rí nǹkan kan kọ mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó: dátà, bébà, owó ọkọ̀ dé Ìkógòsì, ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ iye tẹ́ ẹ máa yà sọ́tọ̀. Ibi tẹ́ ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín sí: ẹ wò ó bóyá gbogbo ẹ̀ wà níbi méjì. Ìgbà tí fóònù mi bà jẹ́ ní Júùnù, orí méjì wà lórí ẹ̀ tí kò sí níbòmíì, Ọlọ́run ló yọ mí. Google Drive ń fún èèyàn ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, ìtàn tí kò ní àwòrán ò lè kún un láéláé, èyí tẹ́ ẹ sì fọwọ́ kọ, ẹ máa ya fọ́tò ẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gé ìlérí tuntun láti inú ìwọ̀n

Ẹ má gbà ju mẹ́ta lọ, kí gbogbo ẹ̀ sì wà lápá òsì ìlà yẹn. Bí mo ṣe ṣe tèmi rèé. Ọ̀rọ̀ 39,000 ló kù. Ìwọ̀n mi jẹ́ 350. Mo mú ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè torí ẹ̀rí wà fún wọn, mo wá fi ìdájí Wẹ́sìdeè kún un. Ìyẹn jẹ́ 1,050 lọ́sẹ̀ kan, ó máa gbà mí tó ọ̀sẹ̀ 38. Mo wá yọ ọ̀sẹ̀ méjì tó yí Àjíǹde ká kúrò, mo tún yọ ọ̀sẹ̀ kan ní Ọ́gọ́ọ̀sì tí ọdún ìbílẹ̀ àti iṣu tuntun máa ń kó aṣọ ẹbí wọlé, ó di ọ̀sẹ̀ 41, ìyẹn máa gbé mi dé ìparí Ọ̀kítóbà. Nòfẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà, mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀, aṣọ ni màá máa rán, ọkàn mi á sì balẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí, èyí tí mo pè ní ìkùnà ní Dìsẹ́ńbà ló ń parí ìwé yìí fún mi báyìí, kìkì pé mo mọ iye tó ń jáde lọ́wọ́ mi.

Ìlérí kejì mi ni pé màá dáhùn ìbéèrè mẹ́rin tó kù nípa bàbá yẹn kí Fẹ́búárì tó parí, mo ti kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí n máa kà á fún Màámi lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìyẹn náà tó.

Ẹ kọ tiyín sójú ìwé tẹ́ ẹ máa ń ṣí lójoojúmọ́, tèmi wà lẹ́yìn páálí ìwé ìwọ̀n kọ́sítọ́mà. Ẹ mú ọjọ́ mẹ́ta lórí kàlẹ́ńdà tuntun tẹ́ ẹ máa tún mú téèpù, ìparí Máàṣì, ìparí Júùnù, ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà, ìdajì wákàtí péré, ẹ kàn ka ọ̀rọ̀ àti ọjọ́, tó bá jẹ́ 250 ló ń jáde dípò 350, ẹ yí ọjọ́ tó máa parí padà, ẹ má fi kún ọjọ́ ìkọ̀wé.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ kọ díẹ̀ nínú ìtàn náà. Ọ̀rọ̀ 100 tó. Mo ṣí ojú ìwé 93 lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọjọ́ sókè ẹ̀, mo jẹ́ kí ìyá àgbà pe ọmọ náà wọlé kó wá jókòó, wọ́n ti gún iyán, ọbẹ̀ ń gbóná, ó sì bu òkèlè àkọ́kọ́.